Ọjọ́ ìdìbò gan-an ni ìjà: bí rògbòdìyàn ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 2019 ṣe lọ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní London tó dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Boris Johnson, tó wà lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí Olóòtú Ìjọba, ló ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú dìbò. Jeremy Corbyn, olórí ẹgbẹ́ alátakò, tó ti ń bèèrè fún ìdìbò láti ọdún 2017, ló wá ń sọ pé rárá. Àwa tó ti mọ́ lára pé ẹni tó wà lórí oyè kì í fẹ́ gbọ́ ìdìbò sétí, tí ẹni tó wà níta sì máa ń kánjú dé ibẹ̀, ṣe là ń wò wọ́n bí ìran.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ ká tó wọnú ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ ìdìbò. Ọjọ́ tí yóò wáyé ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọjọ́ méjì ló wà nínú ìjà náà. Ọ̀kan ni ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, tí òfin ti là sílẹ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jáde kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, yálà àdéhùn wà tàbí kò sí. Èkejì ni ọjọ́ ìdìbò, tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lágbára láti ti ọjọ́ kejì yìí síwájú tàbí sẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ló ni ìjà. Bẹ́ ẹ bá ti fi ọjọ́ méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó dà bí wèrè nígbà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀.

Ètò wọn kò jọ tiwa, ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ààrẹ ní ìbò tirẹ̀, aṣòfin ní tirẹ̀. Bí ilé aṣòfin bá tiẹ̀ kọ gbogbo àbá tí ààrẹ gbé wá, ààrẹ ṣì wà ní Aso Rock títí ọdún mẹ́rin rẹ̀ á fi pé, àyàfi tí wọ́n bá yọ ọ́ nípò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará ìlú kì í dìbò yan Olóòtú Ìjọba. Aṣòfin ni wọ́n ń yàn, ẹnì kan fún ẹkùn ìdìbò kan, ẹkùn náà sì jẹ́ 650. Ẹni tí iye tó ju ìdajì lọ nínú wọn bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọbabìnrin Elizabeth ń pè nígbà náà pé kó wá ṣèjọba. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, kó lọ ni, tàbí kí gbogbo wọn jọ padà sọ́dọ̀ ará ìlú.

Láti ayébáyé, Olóòtú Ìjọba ló ń mú ọjọ́ ìdìbò. Òfin kàn sọ pé ilé kan kò gbọ́dọ̀ lò ju ọdún márùn-ún lọ. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, ìgbà tí Olóòtú Ìjọba bá rí i pé ojú ọjọ́ dára fún òun ló máa lọ bá ọba pé kó tú ilé ká. Àwọn alátakò á kàn gbọ́ ọ lórí rédíò bíi ti gbogbo ayé ni.

Èyí yí padà lọ́dún 2011, ohun tó sì yí i padà kì í ṣe ìfẹ́ ìlú rárá, ìfura ni. Nínú ìdìbò 2010, kò sí ẹgbẹ́ tó rí iye tó ju ìdajì lọ. David Cameron ti ẹgbẹ́ Conservative àti Nick Clegg ti Liberal Democrats bá jọ dá ìjọba sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Clegg ló kéré, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí nǹkan bá ti ń lọ dáadáa fún Cameron, ó lè pe ìdìbò lójijì kó sì fi òun sílẹ̀ sínú ọ̀ràn. Bí ìgbà tí èèyàn méjì bá jọ ń dá èésú ni: kò sẹ́ni tó fẹ́ kí èkejì kó owó tirẹ̀ tán kó wá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n bá ṣe òfin kan tó gba ọjọ́ ìdìbò kúrò lọ́wọ́ Olóòtú Ìjọba. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, lẹ́yìn ọdún márùn-márùn-ún, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà méjì péré ló wà fún un. Ọ̀nà kan ni kí ilé dìbò pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba mọ́, kí ọjọ́ 14 sì kọjá láìsí ìjọba mìíràn tí ilé gbà wọlé. Ọ̀nà kejì ni kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta gbogbo àga ilé fọwọ́ sí i.

Gbogbo àga, mo tún un sọ. Kì í ṣe ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn tó dìbò lọ́jọ́ náà. Nínú 650, 434 ni wọ́n ń wá. Aṣòfin tó bá jókòó sáyè rẹ̀ tí kò dìbò rárá, bákan náà ló rí pẹ̀lú ẹni tó dìde lọ sọ pé rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, a máa tó padà sí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán ọ̀nà kejì yìí wò, ó rọrùn bí ẹni fẹ́nu jẹ iṣu. Ní oṣù kẹrin 2017, Theresa May sọ pé òun fẹ́ ìdìbò, àwọn alátakò náà sì ní ó yá. 522 gbà, 13 kọ̀. May rò pé òun máa fi kó àga kún àga ni. Ìdìbò wá wáyé lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì já sí 317, kò tó ìdajì mọ́. Ó wá di ẹni tó ń fara ti àwọn aṣòfin 10 ti ẹgbẹ́ DUP ní Northern Ireland kó tó lè dúró. (Ìdìbò tó kó bá May yìí náà ló gbé àwọn ọmọ tiwa méjì wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ rẹ̀: Kemi Badenoch láti Saffron Walden, àti Bim Afolami láti Hitchin and Harpenden.)

Ọ̀rọ̀ Brexit ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n bi ará ìlú bóyá kí wọ́n dúró nínú àjọ Yúróòpù tàbí kí wọ́n jáde. Ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n jáde. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbà jáde. May lọ ṣe àdéhùn wá, ilé sì dà á nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ti oṣù kìíní 2019 ló burú jù: 432 kọ̀ ọ́, 202 gbà á. Kò sí ìjọba kankan láyé òde òní tó fìdí rẹmi tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Corbyn gbé àbá wá pé kí ilé sọ pé àwọn kò nígbẹ̀ẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba May mọ́. Ẹ wo èyí: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ May tí wọ́n pa àdéhùn rẹ̀ lálẹ́ àná ni wọ́n padà wá gbà á là, 325 sí 306. Wọn kò fẹ́ àdéhùn rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí Labour, ẹgbẹ́ Corbyn, dé ipò. Bí òṣèlú ilé yẹn ṣe rí nìyẹn.

May gbé e sílẹ̀. Nínú oṣù keje, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Conservative nìkan ló dìbò yan ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Johnson rí 92,153, Jeremy Hunt rí 46,656. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí iye àwọn tó wà lẹ́yìn Johnson tó bọ́ sábẹ́ ìdajì.

Ti ilé pa, tú ilé ká

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Bí wọ́n bá tú ilé ká, kò sí aṣòfin mọ́, gbogbo wọn padà sí ìlú wọn lọ wá ìbò. Bí wọ́n bá ti ilé pa, aṣòfin ṣì ni wọ́n, àmọ́ wọn kò lè jókòó, wọn kò lè ṣòfin, wọn kò sì lè pe mínísítà kankan wá jẹ́jọ́. Ọdọọdún ni wọ́n sábà máa ń ti ilé pa fún ọjọ́ mélòó kan kí ìjókòó tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà.

Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ, Jacob Rees-Mogg, aṣíwájú ìjọba nínú ilé, àti àwọn kan wọkọ̀ òfuurufú lọ bá Ọbabìnrin ní Balmoral ní Scotland, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti ilé pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ìjọba ní ètò tuntun làwọn fẹ́ gbé kalẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ilé bá wà ní títì di ọjọ́ 14, ọjọ́ 17 ló kù kí ọjọ́ 31 tó dé. Àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n jáde láìsí àdéhùn rí i pé àkókò ni ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn. Ìyẹn ni wọ́n fi sáré.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ni ilé padà. Johnson dìde, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé tó lọ ní Faransé, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Dókítà Phillip Lee, wọlé, ó rìn la àárín ilé kọjá níwájú rẹ̀, ó lọ jókòó sáàárín àwọn Liberal Democrats. Johnson ń sọ̀rọ̀ lọ, iye tó fi ń ṣèjọba ti lọ. Òfin wọn kò sọ pé aṣòfin tó bá yí ẹgbẹ́ padà gbọ́dọ̀ fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Ẹkùn ló yàn án, kì í ṣe ẹgbẹ́, bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ fún un. Nínú ilé yẹn, ìjọba ló máa ń sọ ohun tí wọ́n máa jíròrò lójoojúmọ́. Abẹnugan ilé, John Bercow, gbà kí àwọn aṣòfin dìbò láti gba ètò ọjọ́ kejì sọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n lè gbé àbádòfin tiwọn wá. Nígbà tí àríyànjiyàn ń lọ lọ́wọ́, Rees-Mogg nà gbalaja sórí àga iwájú bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó di ojú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán yẹn ti lọ káàkiri ayé. Mo rò pé àwòrán yẹn kó bá ìjọba ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn alátakò sọ lọ.

Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kì í tẹ bọ́tìnnì dìbò. Agogo á dún, wọ́n á ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti dé, wọ́n á sì rìn gba ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì kọjá, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni tàbí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde. Gbogbo ayé ń rí ibi tó o gbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn Conservative 21 gba ọ̀nà tí ìjọba kò fẹ́. 328 sí 301. Johnson lé gbogbo àwọn 21 náà kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé lóru ọjọ́ kan náà. Kì í ṣe àwọn ọmọdé ló lé o. Ken Clarke wà níbẹ̀, ẹni tó ti wà nílé aṣòfin láti 1970. Philip Hammond wà níbẹ̀, òun ló ń bójú tó ìṣúná owó títí di oṣù keje ọdún yẹn gan-an. Nicholas Soames, ọmọ-ọmọ Winston Churchill, wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá iye tó ju ìdajì lọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ lé 21 dànù. Àfi kéèyàn bi ara rẹ̀ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà: kò retí pé ilé yẹn máa pẹ́ mọ́. Ó ti ń múra ìdìbò, ó sì fẹ́ kí àwọn olùdìbò rí i pé kò sí ẹni tí òun ò lè lé nítorí Brexit.

Ìdí tí Corbyn fi kọ̀

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 4, ilé fọwọ́ sí àbádòfin tí Hilary Benn ti Labour gbé wá, 327 sí 299. Ohun tó sọ kò le: bí kò bá sí àdéhùn tí ilé gbà títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, tí ilé kò sì gbà kí wọ́n jáde láìsí àdéhùn, Olóòtú Ìjọba gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí Yúróòpù láti bẹ̀bẹ̀ fún àkókò títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2020. Johnson ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun kú sínú kòtò ju kí òun bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà ló gbé àbá ìdìbò wá. Ó ní kó jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. 298 gbà, 56 kọ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ rántí 434. Àwọn Labour kàn jókòó sáyè wọn ni, ìjókòó yẹn sì ti pa á.

Kí ló dé tí wọ́n fi jókòó? Nínú òfin 2011, bí ilé bá ti gbà pé kí ìdìbò wáyé, kì í ṣe ilé ló máa mú ọjọ́ rẹ̀. Olóòtú Ìjọba ló máa dá ọjọ́ lábàá fún Ọbabìnrin, ọjọ́ yẹn ni yóò sì jẹ́. Johnson sọ pé ọjọ́ 15 ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dè é. Bí ilé bá ti túká tán, ó lè ní kó di ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá á sì kọjá nígbà tí kò sí aṣòfin kankan ní Westminster tó lè dá a dúró. Kí ìdìbò tó parí, wọ́n ti jáde láìsí àdéhùn. Ohun tí Labour ń sọ nìyí: kí òfin Benn kọ́kọ́ múlẹ̀, ká sì rí i pé ọjọ́ 31 ti kúrò lọ́nà, lẹ́yìn náà ká wá dìbò. Johnson pe Corbyn ní ojo. Ó dùn-ún gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo, ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ni.

Àwọn kan bèèrè pé nígbà tí Johnson kò ní iye tó tó mọ́, kí ló dé tí wọn kò fi dìbò àìnígbẹ̀ẹ́kẹ̀lé kí wọ́n lé e? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Lọ́dún 1962, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń lo ètò Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà, aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá mọ́ ní olórí ìjọba. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, fi ìwé náà yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìwé tó, àbí àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé? Wọ́n ju àga lu ara wọn nínú ilé aṣòfin n'Ìbàdàn lórí rẹ̀, ẹjọ́ náà sì lọ títí dé Privy Council ní London, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ àṣekágbá fún Nàìjíríà nígbà náà, níbi tí àwọn adájọ́ ti sọ lọ́dún 1963 pé ìwé tó. Òfin 2011 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè sílẹ̀ fún irú ìyẹn: àfi kí ilé dìbò, kí wọ́n sì ka ọjọ́ 14.

Ọjọ́ 14 yẹn gan-an ló ká wọn lọ́wọ́ kò. Láàárín rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rí ẹlòmíràn tí ilé máa gbà. Corbyn ní òun ni olórí alátakò, òun ló tọ́ sí. Jo Swinson, olórí Liberal Democrats, ní àwọn ò lè fi Corbyn ṣe Olóòtú Ìjọba láéláé. Àwọn Conservative tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ẹnikẹ́ni, ìdìbò á tẹ̀ lé e, ọjọ́ rẹ̀ á sì tún padà sọ́wọ́ Johnson. Gbogbo ọ̀nà ló ń já sí àgbàlá ọkùnrin kan náà. Nítorí náà, wọ́n fi í sórí àga, wọ́n sì fi òfin dè é mọ́ ọn. Olóòtú Ìjọba tí kò lè ṣèjọba, tí kò sì lè lọ.

Lọ́jọ́ 9, ó tún gbé àbá ìdìbò wá. 293 sí 46. Ó tún kùnà. Nígbà tí wọ́n wá ń ti ilé pa ní òru ọjọ́ náà, àwọn aṣòfin kan gbé ìwé dání tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ti pa àwọn lẹ́nu mọ́, Bercow sì sọ ọ́ létí gbogbo ilé pé títì yìí kì í ṣe èyí tí ojú ti ń rí tẹ́lẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ló padà ṣí i. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, adájọ́ 11 jókòó, àwọn 11 náà sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Lady Hale, olórí wọn, tó fi bírọ́ọ̀ṣì aláǹtakùn ńlá kan sí èjìká rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ní ìjọba kò fún àwọn ní ìdí kankan tó mọ́gbọ́n wá fún títi ilé pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ní bí ìwé òfìfo ni àṣẹ tí wọ́n mú wọlé lóru tí wọ́n ti ilé pa. Wọn kò tiẹ̀ sọ pé kí wọ́n lọ ṣí ilé. Wọ́n ní kò tì rí. Lọ́jọ́ kejì, aṣòfin ti padà sórí àga.

Oṣù kẹwàá ni mo máa sáré gbà kọjá. Johnson rí àdéhùn tuntun lọ́jọ́ 17. Lọ́jọ́ 19, ilé jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ohun tí wọn kò ṣe láti ìgbà ogun Falklands lọ́dún 1982, Oliver Letwin, ọ̀kan nínú àwọn 21, sì rí i pé wọ́n sún ìdìbò lórí àdéhùn náà síwájú, 322 sí 306, kí òfin Benn lè mú Johnson. Ó mú un. Johnson kọ lẹ́tà náà sí Yúróòpù, àmọ́ kò fọwọ́ sí i; ó wá fi lẹ́tà mìíràn tó fọwọ́ sí tẹ̀ lé e pé òun ò fẹ́ ohun tí èyí àkọ́kọ́ ń bèèrè. Lọ́jọ́ 22, ilé gba àdéhùn náà wọlé fún àyẹ̀wò, 329 sí 299, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti 2016. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n kọ̀ láti parí àyẹ̀wò náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ìjọba fẹ́. Kò sóhun tó ń lọ síwájú, kò sóhun tó ń padà sẹ́yìn.

Ọjọ́ 9 tàbí ọjọ́ 12

Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá, Yúróòpù gbà kí ọjọ́ ìjáde di 31 oṣù kìíní. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọjọ́ méjì tí mo ní kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ ti kúrò lọ́nà nìyẹn, wàhálà tó kù sì tú láàárín wákàtí 48.

Johnson gbé àbá ìdìbò kẹta wá lọ́jọ́ náà: 299 sí 70, kò tó 434. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀nà mìíràn. Òfin 2011 ní kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta fọwọ́ sí i, àmọ́ òfin lásán ni òfin náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé aṣòfin kò lè fi òfin de ilé aṣòfin. Àbádòfin kúkúrú kan tó ní kí ìdìbò wáyé lọ́jọ́ báyìí, láìka òfin 2011 sí, kò nílò ju kí àwọn tó gbà fi ẹyọ kan ju àwọn tó kọ̀ lọ. Ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún àwọn alátakò, nítorí inú òfin gan-an ni ọjọ́ máa wà, Olóòtú Ìjọba kò lè sún un.

Ibẹ̀ ni ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ti gbà pé kí wọ́n dìbò, wọ́n wá ń jà lórí ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá. Àwọn alátakò ní ọjọ́ 9. Ní àyíká ọjọ́ 12, ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì á ti máa kó ẹrù padà sílé fún Kérésì, àwọn wọ̀nyí kì í sì í dìbò fún Conservative lọ títí. Àwọn alátakò tún ń wò ó pé bí ọjọ́ bá ti jìnnà sí i, ìjọba lè rí àyè ti àdéhùn rẹ̀ kọjá kí ilé tó túká. Wọ́n dìbò lórí ọjọ́ mẹ́ta yẹn: 295 fẹ́ ọjọ́ 9, 315 kò fẹ́. Ọjọ́ 12 ló dúró. Àbádòfin náà wá kọjá, 438 sí 20, Corbyn náà sì ní òun ti ṣe tán. Láti 1923, wọn kò tíì dìbò gbogboogbò nínú oṣù kejìlá rí.

Ohun kan wà tó kan àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Peckham, Thamesmead àti ibi gbogbo lọ́hùn-ún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ títí tí wọ́n fi ti ìforúkọsílẹ̀ pa lóru ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ń gbé ní Britain pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó pé lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin. Ọmọ Nàìjíríà tó wá kàwé fún ọdún kan lè dìbò. Ará Poland tàbí Faransé tó ti gbé níbẹ̀ fún ogún ọdún, tí ọ̀rọ̀ Brexit sì kàn gbọ̀ngbọ̀n, kò lè dìbò bí kò bá tíì gba ìwé ọmọ onílùú. Ẹ kò nílò páálí Britain kẹ́ ẹ tó lórúkọ nínú ìwé olùdìbò wọn.

Bí ìbò ṣe pín ló kù. Lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá, Nigel Farage, olórí ẹgbẹ́ Brexit Party, sọ pé ẹgbẹ́ òun kò ní dù ní ẹkùn 317 tí Conservative ti wọlé lọ́dún 2017. Àwọn tó fẹ́ jáde bá kóra jọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Àwọn tó fẹ́ dúró pín ara wọn sí Labour, Liberal Democrats, SNP ti Scotland àti Green. Ẹni tó bá ní ìbò jù ní ẹkùn ló ń wọlé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdajì, nítorí náà ẹni tó bá pín ara rẹ̀ ti ta ọjà rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ìbò Liberal Democrats pọ̀ sí i ju ti 2017 lọ, àga wọn sì dín kù láti 12 sí 11. Swinson gan-an, tó wà lára àwọn tó ní kí ìdìbò náà tètè wáyé, fi ìbò 149 pàdánù àga tirẹ̀. Dennis Skinner, tó ti ń ṣojú Bolsover, ìlú àwọn awakùsà, láti 1970, ṣubú. Nínú àwọn 21 tí Johnson lé, ó ti gba 10 padà kí ilé tó túká. Dominic Grieve àti David Gauke dá dúró láìsí ẹgbẹ́, ìbò kò gbè wọ́n. Conservative ní àga 365. Lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní 2020, wọ́n jáde.

Òfin 2011 kò pẹ́ sí i. Wọ́n fagi lé e lọ́dún 2022, ọjọ́ ìdìbò sì padà sọ́wọ́ Olóòtú Ìjọba bó ṣe wà látijọ́. Rishi Sunak lo agbára yẹn ní oṣù karùn-ún 2024, ó dúró níwájú ilé rẹ̀ ní Downing Street nínú òjò, ó ní ọjọ́ 4 oṣù keje ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fojú winá rẹ̀. Nínú èéfín ogun yẹn ni Badenoch ti dìde di olórí Conservative ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ìdìbò tó ń bọ̀ kò lè kọjá oṣù kẹjọ 2029, ṣùgbọ́n ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ariwo pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ dìbò, ẹ wo ọwọ́ Olóòtú Ìjọba. Òfin 2022 tún sọ pé kò sí ilé-ẹjọ́ tó lè yẹ títú ilé ká àti pípe ìdìbò wò. Kò sọ nǹkan kan nípa títi ilé pa. Ìdájọ́ tí Lady Hale kà lọ́jọ́ yẹn ṣì dúró lórí ìyẹn.